Ọpẹ́ Ọmọ Kì í Ṣe Òṣùwọ̀n

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn olùtọ́sọ́nà, olùkọ́ àti òbí sọ níbi ìpàdé àwọn ọmọ Yorùbá ní Kubwa, Abuja. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́ síbí, àfi ibi díẹ̀ tí mo gé kúrú.

Alága ìjókòó, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin àgùnbánirọ̀ tí mò ń wò lẹ́yìn yẹn, mo kí yín o. Ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Nyanya wá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Kuje wá, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ìfaradà súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Mo júbà àgbà, mo júbà ọmọdé. Kí ìbà mi ṣẹ.

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bi yín. Ta ni kì í ra ìrẹsì tàbí ẹ̀wà lọ́jà Kubwa nínú wa? Kò sí. Kí ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n fún wa? Mudù ni. Nílé lọ́hùn-ún, kóńgò là ń pè é. Ìyá tó bá mọ ọjà á ná kì í kọ́kọ́ wo ìrẹsì. Mudù ló máa ń kọ́kọ́ wò. Á dojú rẹ̀ délẹ̀, á yẹ ìdí rẹ̀ wò bóyá wọ́n ti lù ú wọnú. Ó mọ̀ pé bí ìdí mudù bá ti wọnú, bó ti wù kí ìrẹsì ga tó lórí, wọ́n ti rẹ́ òun jẹ. Ó dáa. Mudù tí àwa fi ń wọn iṣẹ́ wa lórí àwọn ọmọ ilé-ìwé yìí, ta ló ti yẹ ìdí rẹ̀ wò rí?

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bá a ṣe lè mọ̀ bóyá ètò ìtọ́sọ́nà tá à ń ṣe ń ṣe àwọn ọmọ lóore. À ń lọ sí ilé-ìwé wọn, à ń jókòó tì wọ́n, à ń ní kí wọ́n kọ àfojúsùn wọn sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, torí náà bí ẹ bá gbọ́ tí ohùn mi le, ẹ má bínú. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí ni.

Àwọn tí a kò mú ńkọ́?

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ara mi. Mo ṣe olùgbaninímọ̀ràn ní ilé-ìwé girama kékeré kan ní Abuja níbí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì. A bẹ̀rẹ̀ ètò ìtọ́sọ́nà níbẹ̀. Báwo la ṣe ṣe é? A kó èsì ìdánwò táàmù kìíní àwọn ọmọ JSS 2 jọ, a ṣa àwọn tó gbẹ̀yìn, a wá àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan fún wọn. Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń wá. Nígbà tí táàmù kẹta fi máa parí, máàkì àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ti gòkè. Inú mi dùn! Mo kọ ìjábọ̀, mo lẹ fọ́tò mọ́ ọn. Àwọn tó ń fún wa lówó pàtẹ́wọ́, wọ́n sì tún fi kún un.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò ló wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, àwọn tí ẹ ò mú ńkọ́?" Mo ní àwọn wo? Ó ní àwọn tí máàkì wọn náà kò dáa nígbà yẹn, ṣùgbọ́n tí olùtọ́sọ́nà kò kárí dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwa méjèèjì jókòó, a tú ìwé èsì jáde. Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn yẹn náà ti gòkè. Bí tiwa ṣe gòkè náà ni tiwọn ṣe gòkè. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnikẹ́ni tó bá wọn jókòó lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Báwo nìyẹn ṣe ṣẹlẹ̀? Ọmọ tó gbẹ̀yìn ní táàmù kan, kì í ṣe pé kò mọ̀wé nìkan. Ó lè jẹ́ pé ibà dá a wó lọ́sẹ̀ ìdánwò. Ó lè jẹ́ pé onílé ti kó ẹrù wọn síta. Ó lè jẹ́ pé ọjọ́ yẹn kò gbè é lásán. Nígbà tó bá di táàmù tó tẹ̀ lé e, ibà ti lọ, máàkì rẹ̀ á sì padà síbi tó máa ń wà tẹ́lẹ̀. Francis Galton, ará Ìlú Ọba, ti kọ̀wé nípa irú nǹkan báyìí láti 1886, nígbà tó ń wọn gíga àwọn òbí àti ti ọmọ wọn: ohun tó bá lọ jìnnà ju bó ti yẹ lọ, bí a bá tún un wọ̀n, ó sábà máa ń padà sún mọ́ àárín. Ẹni tó bá ṣa àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tó wá ń wò wọ́n, yóò rí i pé wọ́n ń gòkè, ì báà ṣe omi lásán ló fún wọn mu.

Ó dùn mí. Oorun kò kùn mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ọmọ yẹn ni ẹ̀kọ́ tó tóbi jù tí mo kọ́ lẹ́nu iṣẹ́: àwọn tí a kò mú ńkọ́? Ìjábọ̀ tí kò bá dáhùn ìyẹn, mudù tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú ni.

Àwọn ọmọkùnrin Massachusetts

Mo fẹ́ kí a pẹ́ díẹ̀ lórí ìtàn tó kàn yìí, torí kò sí ìtàn tó bà mí lẹ́rù tó o nínú gbogbo iṣẹ́ ìtọ́sọ́nà.

Dókítà kan wà ní Boston, ní Amẹ́ríkà, tó ń jẹ́ Richard Clarke Cabot. Èèyàn rere ni. Ó gbà pé bí ọmọkùnrin tó fẹ́ yapòkíì bá rí àgbàlagbà kan tó fẹ́ràn rẹ̀ tó sì dúró tì í, ọmọ náà á yè bọ́. Ṣé kì í ṣe ohun tí gbogbo wa nínú gbọ̀ngàn yìí gbà nìyẹn? Ṣùgbọ́n Cabot fẹ́ mọ̀ dájú. Wọ́n kó ọmọkùnrin 506 jọ ní Cambridge àti Somerville, ìlú méjì tó wà lẹ́bàá Boston. Wọ́n pín wọn ní méjì-méjì, kí ọjọ́ orí, ìwà àti irú ilé tí àwọn méjèèjì ti wá jọra. Wọ́n wá ju owó ẹyọ sókè. Ẹni tí owó náà mú bọ́ sínú ètò, wọ́n fi ìkejì rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. 253 níhìn-ín, 253 lọ́hùn-ún. Cabot fúnra rẹ̀ kú ní 1939, nígbà tí iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbérasọ, ṣùgbọ́n wọ́n bá a lọ títí di 1945. Àwọn olùtọ́sọ́nà ń lọ sílé àwọn ọmọ náà. Wọ́n ń kọ́ wọn níwèé, wọ́n ń mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà, wọ́n ń rán wọn lọ sí àgọ́ ìsinmi. Ta ló tún fẹ́ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Nígbà tó tó ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Joan McCord wá àwọn ọmọ yẹn kàn. Wọ́n ti di bàbá ọlọ́mọ. Ó bi àwọn tó wà nínú ètò nígbà náà: ṣé ètò yẹn ṣe yín lóore? Ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣe àwọn lóore. Ká ní àwa ni, ibẹ̀ la ó ti parí ìwádìí, a ó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, a ó gbé e fún gómìnà.

McCord kò parí rẹ̀ síbẹ̀. Ó tọ ìwé ilé-ẹjọ́ lọ, ó tọ ìwé ilé-ìwòsàn lọ, ó tọ àkọsílẹ̀ ikú lọ. Nígbà tó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1978, kò rí ibì kan tí àwọn tí wọ́n tọ́ sọ́nà ti sàn ju àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ. Ní àwọn ibì kan, wọ́n tilẹ̀ burú jù wọ́n lọ. Àwọn ló pọ̀ jù nínú àwọn tó dá ọ̀ràn lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn ni àmì ọtí àmujù pọ̀ jù lára wọn. Àwọn ló tètè ń kú. Nígbà tó yá, wọ́n tún rí i pé àwọn tí wọ́n kó lọ sí àgọ́ ìsinmi léraléra, níbi tí wọ́n ti ń bá ọmọ ẹgbẹ́ wọn ṣe, ni ìpalára náà hàn jù lára wọn. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé tẹ́ ẹ máa ń kó gbogbo aláìgbọràn pọ̀ sí kíláàsì kan pé kí olùtọ́sọ́nà wá bá yín tún wọn ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí àgọ́ yẹn.

Ẹ wò ó, àwọn bàbá tó sọ pé ètò yẹn ṣe àwọn lóore kò parọ́. Wọ́n rántí ẹni tó mú wọn ré ibi tí wọn kò dé rí. Ọpẹ́ wọn, òtítọ́ ni. Òṣùwọ̀n ni kì í ṣe.

Ẹ wá mú un wá sọ́dọ̀ tiwa. Báwo la ṣe tọ́ ọmọ Yorùbá? Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, ó dà bí ìgbà tí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ. Láti kékeré la ti fi kọ́ ọ. Ọmọ Gbagyi tó jókòó tì í, ọmọ Hausa tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀, bí ìyá tiwọn náà ṣe kọ́ wọn nìyẹn. Ẹ wá fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní bíìkì àti ìwé ìbéèrè, kí ẹni tó ń ra bisikíìtì fún un dúró síwájú rẹ̀, kẹ́ ẹ wá bi í pé, "Ṣé ètò yìí ràn ọ́ lọ́wọ́?" Kí lẹ fẹ́ kó kọ? Ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀ ni yóò kọ síbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ó wá kó ìwé náà dání pé ètò wa kẹ́sẹ járí.

Ìgbà tí a bá lò pẹ̀lú ọmọ

Ẹnì kan ti ń mi orí lọ́hùn-ún. Ó ń rò pé, ṣé kí a kúkú fi í sílẹ̀ ni? Rárá o! Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ìwádìí mìíràn wà tó dáa.

Ẹgbẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Big Brothers Big Sisters, tí gbòǹgbò rẹ̀ ti wà láti 1904 ní New York. Ní 1995, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọmọ 959. Wọ́n ṣẹ́ kèké: àwọn kan rí olùtọ́sọ́nà lójú ẹsẹ̀, àwọn yòókù dúró lórí ìlà. Lẹ́yìn oṣù 18, àwọn tó rí olùtọ́sọ́nà kò bẹ̀rẹ̀ oògùn olóró bíi ti àwọn yòókù. Ìyàtọ̀ náà tó ìpín 46 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọjọ́ tí wọ́n ń pa ilé-ìwé jẹ fi nǹkan bí ìdajì dín. Àǹfààní ńlá nìyẹn.

Ṣùgbọ́n níta ilé-ìwé ni wọ́n ti ń pàdé, wọ́n sì ń pẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé irú ètò náà wọ inú ọgbà ilé-ìwé ńkọ́? Wọ́n yẹ ọmọ 1,139 wò, ìwé rẹ̀ jáde ní 2007. Ọdún kìíní dáa, iṣẹ́ ilé-ìwé gbé pẹ́ẹ́lí. Nígbà tí ọdún kejì fi máa parí, èyí tó pọ̀ jù nínú èrè náà ti yọ́ dànù. Ní 2009, ìjọba Amẹ́ríkà náà yẹ ètò 32 tí òun ń fún lówó wò, ọmọ 2,573 ló wà nínú rẹ̀. Lápapọ̀, wọn kò rí ìyàtọ̀ kan gbòógì láàárín àwọn tó wà nínú ètò àti àwọn tí kò sí nínú rẹ̀.

Kí ló fà á? Mo gbà gbọ́ pé ìgbà ló fà á jù. Kàlẹ́ńdà ilé-ìwé ló ń darí irú ètò yìí. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ pẹ́, ìsinmi á gé e, ọdún tuntun á dé, olùtọ́sọ́nà á ti lọ. Jean Grossman àti Jean Rhodes tún ìwádìí 1995 yẹn yẹ̀ wò ní 2002. Àwọn ọmọ tí ìbáṣepọ̀ wọn pé ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló jèrè jù. Àwọn tí tiwọn fọ́ kó tó pé oṣù mẹ́ta ńkọ́? Ojú tí wọ́n fi ń wo ara wọn rẹlẹ̀ sí i. Kàkà kó sàn lára ìyá àjẹ́, ó tún bí obìnrin jọ!

Ẹ̀yin àgùnbánirọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ni mò ń bá wí níbí, ìfẹ́ ni mo sì fi ń sọ ọ́. Ẹ ti ibùdó Kubwa yìí jáde, ẹ bọ́ sí ilé-ìwé, ẹ kún fún iná. Àwọn ọmọ fẹ́ràn yín. Lẹ́yìn náà ni ọdún ìsìnrúlú parí, ẹ gba ìwé ẹ̀rí, ẹ wọ mọ́tò, ó di Ìbàdàn. Mo rántí ọmọbìnrin Gbagyi kan nílé-ìwé wa. Àgùnbánirọ̀ kan ló máa ń bá a jókòó lábẹ́ igi máńgòrò. Nígbà tí àǹtí yẹn lọ, kò dágbére, bóyá ó rò pé ìdágbére á pa ọmọ náà lẹ́kún. Ọmọ náà ṣì lọ jókòó sábẹ́ igi yẹn fún Ọjọ́bọ̀ mẹ́ta. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo lọ bá a. Ìbéèrè tó bi mí ni pé, "Mà, ṣé mo ṣẹ àǹtí ni?"

Mo bẹ̀ yín, èwo nínú àwọn ìjábọ̀ wa la kọ ọmọ yẹn sí? Nínú ìjábọ̀ ọdún yẹn, mo kọ ọ́ mọ́ àwọn tó jàǹfààní. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́.

Àfojúsùn tí a lẹ̀ mọ́ ògiri

Èyí kò ní gùn. Ẹ ti gbọ́ ọ nínú ìpàdé, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, nínú mọ́ṣáláṣí, pé ní Yunifásítì Yale ní 1953, ìpín 3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jáde ló kọ àfojúsùn wọn sílẹ̀, àti pé lẹ́yìn ogún ọdún, owó wọn ju ti gbogbo àwọn 97 yòókù lọ. Èmi náà ti sọ ọ́ fáwọn ọmọ rí. Kò sí ìwádìí bẹ́ẹ̀. Ìwé ìròyìn Fast Company tọ ìdí rẹ̀ lọ ní 1996, Yale ní irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò wáyé.

Èyí tó wáyé nìyí. Angela Duckworth, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Gabriele Oettingen àti Peter Gollwitzer wà lára wọn, mú akẹ́kọ̀ọ́ 66 tó ń múra ìdánwò ńlá kan sílẹ̀. Ìwé rẹ̀ jáde ní 2011. Wọ́n fún àwọn kan ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú: kọ ohun tó o fẹ́, kọ ohun tó lè dí ọ lọ́wọ́, kọ ohun tí wàá ṣe bí ìdíwọ́ náà bá dé. Àwọn yòókù kọ àròkọ lásán. Àwọn tó kọ ìdíwọ́ sílẹ̀ ṣe ìbéèrè ìgbáradì fi ohun tó lé ní ìpín 60 nínú ọgọ́rùn-ún ju àwọn yòókù lọ.

Ṣé ẹ rí ibi tí àwa ti ń ṣì í ṣe? A ń fún ọmọ ní káádíbọ́ọ̀dù, ó kọ "Mo fẹ́ di dókítà", a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, a ya fọ́tò. Oettingen ti fi hàn pé ẹni tó bá kàn ń ro adùn ọ̀la lọ́kàn, ó sábà máa ń dẹwọ́. Bí gírámà Yorùbá wa ṣe wà gan-an ló yẹ ká fi kọ́ wọn: *bí* báyìí *bá* ṣẹlẹ̀, *màá* ṣe báyìí. "Bí Mọ́mì bá rán mi lọ ta píọ́ wọ́tà lẹ́yìn ilé-ìwé, màá ti ṣe ìṣirò mi ní àkókò ìsinmi ọ̀sán." "Bí wọ́n bá mú iná lọ, màá jí ní àárọ̀ kùtù." Ìyẹn ṣeé wọ̀n. A lè bi í lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ pé, o ṣe é àbí o ò ṣe é? Ta ló lè bi ọmọ ọdún méjìlá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ pé, ṣé o ti di dókítà?

Bí a ó ṣe ṣe tiwa

Ẹgbẹ́ wa fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tuntun ní oṣù kẹsàn-án tí ilé-ìwé bá wọlé. Mo ti bá ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀, ohun tí mo bẹ̀ wọ́n fún ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ká kọ́kọ́ wọ̀n kí a tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Rẹ́jísítà wà nílé-ìwé: ọjọ́ mélòó ni ọmọ yìí wá? Ẹ jẹ́ kó ka ojú ìwé kan sókè. Bó bá di ìparí JSS 3, ìdánwò BECE wà. Lẹ́yìn BECE, ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ: ṣé ó wọ SSS 1, tàbí ó ti wà ní ṣọ́ọ̀bù? Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ wọn "ìgboyà" tí ẹ ò bá tíì ka rẹ́jísítà.

Lẹ́yìn náà, kèké. Mo mọ̀ pé ibi tí ìjà wà nìyí. Ìyá kan ti sọ fún mi pé ìwà ìkà ni kí a máa ṣẹ́ kèké lórí ọmọ. Mo fi ìrẹ̀lẹ̀ dá a lóhùn: Ìyá mi, bí ọmọ ọgọ́ta bá fẹ́, tí olùtọ́sọ́nà jẹ́ ogún, ogójì ò ní rí. Báwo la ṣe ń yàn wọ́n lónìí? Ọmọ tí ọ̀gá fẹ́ràn, ọmọ tí bàbá rẹ̀ mọ akọ̀wé wa, ọmọ tó mọ̀ ọ́n sọ. Ṣé ìyẹn kì í ṣe ìkà? Àwọn bàbá ńlá wa mọ kèké, ohun tí kò bá kárí, wọ́n lè ṣẹ́ kèké lé e lórí kó má baà di ìjà. Àwọn tí kèké kò mú lọ́dún yìí, àwọn ni a ó kọ́kọ́ mú lọ́dún tó ń bọ̀. Ní báyìí ná, àwọn ni yóò sọ òótọ́ fún wa.

Ọ̀kan tó kù ni èyí tó máa ń dùn mí jù ní Abuja níbí. Àwọn ọmọ máa ń lọ. Owó ilé á gorí sí i ní Lugbe, ìdílé á kó lọ sí Mararaba tàbí Masaka. Bó bá di ìparí ọdún, àwa á ka àwọn tó kù, a ó ní gbogbo wọn ń ṣe dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn tí nǹkan rọ̀ fún ló kù! Ẹnikẹ́ni tó bá bẹ̀rẹ̀, orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò títí dé òpin, ì báà ti lọ. Ẹ gba nọ́ńbà ìyá, ẹ gba nọ́ńbà bàbá, ẹ gba ti alábàágbé wọn. Bí ọmọ bá lọ, ẹ pè é. Ẹ wá a dé Masaka.

Ìwé kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé wa lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe olùtọ́sọ́nà yóò kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ ó rí àlàfo kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ, mo ní kí wọ́n fi kún un: oṣù tí o máa parí. Ẹ̀yin àgùnbánirọ̀, ẹ kọ oṣù yẹn bó ṣe rí gan-an, kí a lè wá ẹni tí yóò gba ọmọ náà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì jọ jókòó, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lábẹ́ igi kan náà. Ẹni tí kò bá dá lójú pé òun á lè dúró fún ọdún kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kọ orúkọ yín lónìí. Ẹ lọ rò ó. Ìwé náà máa wà níbẹ̀ di ìpàdé oṣù tó ń bọ̀.

Ẹ ṣeun o.